Ìlú tó fi ìbò yan méyọ̀, tó tún fi ìbò pa ipò náà rẹ́: ìtàn èsì ìdìbò káńsù ní Bristol

Ohun tí mo sọ lórí ètò ni mo kọ síbí. Ikọ́ mi àti ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ni mo yọ kúrò.

Lónìí, ìtàn èsì ìdìbò ni mo gbé wá. Kì í ṣe ti ààrẹ, kì í sì í ṣe ti gómìnà. Ìdìbò káńsù ni, ní ìlú Bristol, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ England. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Kí ló kàn wá kan káńsù òyìnbó?" Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ìlú yìí dìbò pé òun fẹ́ méyọ̀. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, ó tún dìbò pé òun kò fẹ́ méyọ̀ mọ́. Láàárín ìgbà méjèèjì, ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà jókòó sórí àga olórí ìlú tí òwò ẹrú sọ di olówó. Nígbà tí wọ́n wá ń dìbò lẹ́yìn tí àga náà ti kúrò ńlẹ̀, èmi gan-an wà lórí ìlà.

Lẹ́tà tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà

Ọdún 2023 ni mo lọ kàwé sí i ní Bristol. Easton ni mo gbé, kò jìnnà sí Stapleton Road, níbi tí èèyàn ti lè rí ẹ̀fọ́, gààrí àti ẹja gbígbẹ rà láì wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nílùú náà ló sọ fún mi pé kí n lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò. Ó ní ó máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ bó bá fẹ́ gba fóònù láwìn. Nítorí fóònù ni mo ṣe forúkọ sílẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Mi ò rò ó dé ibi ìdìbò rárá.

Àfi bí mo ṣe bá lẹ́tà kan nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí oṣù kẹrin ọdún 2024 tó gbérasọ. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ṣi lẹ́tà kankan kọ nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá dìbò yan káńsẹ́lọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún. Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo bi ẹ̀gbọ́n náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìgbélùú dìbò. Nàìjíríà sì wà lára wọn.

Ẹ gbọ́ o. Mi ò tíì dìbò rí láyé mi. Ní ọdún 2023, nígbà tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ìdìbò nílé, ìlú mìíràn ni mo ti ń kàwé, káàdì ìdìbò mi sì wà nínú dúrọ́ọ̀ màmá mi ní Ìbàdàn. Ìlú tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni ní ọdún kan ṣáájú ló wá ń pè mí wá dìbò. Ìtìjú díẹ̀ mú mi. Mo ní bí mo bá máa dìbò, ó kéré tán, kí n mọ ohun tí mo ń dìbò fún. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn nìyẹn.

Ṣáájú kí ìbò tó dé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí káńsù ń ṣe níbẹ̀. Káńsù ló ń kó ìdọ̀tí. Òun ló ń wá ilé fún ẹni tí kò rílé gbé, òun ló ń bójú tó arúgbó tí kò lẹ́ni àti ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè tọ́. Òun ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ lè gbà àti ibi tí kò lè gbà. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń san owó-orí káńsù lọ́dọọdún, àyàfi àwa akẹ́kọ̀ọ́. Bristol ní wọ́ọ̀dù 34 àti káńsẹ́lọ̀ 70. Wọ́ọ̀dù kékeré ní ẹyọ kan, ti ńlá ní méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, bí kò tiẹ̀ dé ìdajì.

Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí di ọdún 1835, kò sí ará ìlú tó ń dìbò yan àwọn tó ń ṣàkóso Bristol. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ ló ń yan ẹni tí yóò bá wọn jókòó. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn tó kù á mú ọ̀rẹ́ tàbí àna wọn dípò rẹ̀. Oníṣòwò ńlá ló pọ̀ jù nínú wọn, a sì mọ irú òwò tó wà nídìí ọrọ̀ Bristol. Láàárín ọdún 1698 sí 1807, ọkọ̀ ojú omi tó gbéra ní Bristol lọ kó ẹrú ní Áfíríkà ju ìrìn àjò 2,000 lọ. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ni wọ́n kó. Bónì àti Kàlàbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó wọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1831, ará ìlú yarí. Ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá ní London ṣẹ̀ṣẹ̀ da àbá òfin nù, èyí tí ì bá jẹ́ kí èèyàn púpọ̀ sí i lè dìbò sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Adájọ́ ìlú Bristol, Charles Wetherell, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó lòdì sí àbá náà jù lọ. Nígbà tó wọ̀lú ní ọjọ́ 29 láti wá jókòó ní kóòtù, òkò ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi da ìlú rú. Wọ́n dáná sun ilé méyọ̀, wọ́n sun ààfin bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Àwọn sójà wá kọ lu èrò pẹ̀lú idà. Lẹ́yìn náà, wọ́n so ọkùnrin mẹ́rin rọ̀. Ọ̀gá sójà Thomas Brereton, tí kò fẹ́ kọ lu èrò ní kíákíá, yìnbọn pa ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Méyọ̀ tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni Charles Pinney. Ìdílé rẹ̀ là nípasẹ̀ oko ìrèké ní erékùṣù Nevis, níbi tí ẹrú ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé kò dáàbò bo ìlú, wọ́n sì dá a láre. Nígbà tí òfin dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní àwọn erékùṣù yẹn, àwọn olówó bíi tirẹ̀ ni ìjọba sanwó gbà-má-bínú fún. Àwọn tí wọ́n lò ní ẹrú kò gba kọ́bọ̀.

Ní 1835, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tuntun fún àwọn ìlú, wọ́n sì dìbò káńsù àkọ́kọ́ ní oṣù kejìlá ọdún náà. Síbẹ̀, ọkùnrin tó ní ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tó sì ń san owó-orí nìkan ló lè dìbò. Ọdún 1869 ni wọ́n tó gba obìnrin tí kò lọ́kọ láyè bó bá ń san owó-orí. Ọdún 1907 ni obìnrin tó lè jókòó nínú káńsù. Ẹ rí i pé ìbò tí ẹ̀gbọ́n náà ń rẹ́rìn-ín sí mi lórí rẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló kú láì fọwọ́ kàn án.

Ọkọ̀ tí kò gba dírẹ́fà aláwọ̀ dúdú

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò lè fò. Ní ọdún 1963, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ní Bristol kò gba aláwọ̀ dúdú láti wakọ̀ tàbí láti gba owó ọkọ̀. Kì í ṣe àṣírí. Nígbà náà, kò sí òfin kankan tó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Guy Bailey lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì dá a padà nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ Jàmáíkà ni. Paul Stephenson, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti Roy Hackett pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní kí ará ìlú má wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Oṣù kẹrin ń parí lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun ti fòpin sí ìyàtọ̀ àwọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Martin Luther King sọ̀rọ̀ ńlá rẹ̀ ní Washington. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀yà.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé èèyàn lè ní ìbò lọ́wọ́ kó má tíì ní ohùn. Àwọn ọmọ Jàmáíkà tó wà ní Bristol nígbà yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi ja ìjà bọ́ọ̀sì, nítorí wọ́n kéré níye nínú ìlú, àpótí ìbò nìkan kò lè gbà wọ́n.

"Bẹ́ẹ̀ ni, a fẹ́ méyọ̀"

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀rọ̀ tòní. Fún ọjọ́ pípẹ́, àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń yan olórí láàárín ara wọn. Ní Bristol, ní àwọn ọdún tó ṣáájú 2012, kò sí ẹgbẹ́ tó ń dúró pẹ́, nítorí pé ìdìbò ń wáyé ní ọ̀pọ̀ ọdún fún ìdámẹ́ta àwọn àga. Lónìí Labour, lọ́la Liberal Democrat, ọ̀tunla kò sí ẹni tó dé ìdajì. Olórí ń wọlé, olórí ń jáde.

Ìjọba àpapọ̀ ní London wá ní kí ìlú ńlá mẹ́wàá ní England dìbò ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 2012. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: ṣé ẹ fẹ́ kí ará ìlú máa dìbò yan méyọ̀ tààrà, kó sì máa darí káńsù? Manchester ní rárá. Birmingham ní rárá. Leeds, Sheffield, Newcastle, Nottingham, Bradford, Coventry, Wakefield, gbogbo wọn ní rárá. Bristol nìkan ló ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbò 41,032 ló gbà á, 35,880 ló kọ̀ ọ́. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ 5,152. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ló jáde. Nínú èèyàn mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo kò pé. Àwọn wọ̀nyẹn ló yí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ìlú padà fún gbogbo àwọn yòókù.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, èèyàn 15 ló du ipò méyọ̀. Ẹni tó wọlé ni George Ferguson, ayàwòrán ilé tó gbajúmọ̀ fún ṣòkòtò pupa, tí kò sì dúró lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kankan. Ó ní ìbò 37,353. Ẹni tó ṣe ìkejì, láti ẹgbẹ́ Labour, ní 31,259. Orúkọ rẹ̀ ni Marvin Rees. Ẹ di orúkọ yẹn mú.

Ọmọ Jàmáíkà lórí àga

Marvin Rees jẹ́ ọmọ bíbí Bristol. Bàbá rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ oníròyìn ní BBC rí, èyí tó mú inú èmi oníṣẹ́ rédíò dùn. Ó dàgbà nínú àìní, ó sì gbé ní Easton lára ibi tó gbé, níbi tí èmi náà háyà yàrá sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ó padà wá. Wọ́n tún ka ìbò rẹ̀ àti ti Ferguson mọ́ra wọn. Rees ní 68,750, Ferguson ní 39,577. Ní ọjọ́ kan náà, wọ́n dìbò fún gbogbo àga 70 tó wà ní káńsù: Labour gba 37, Conservative 14, Green 11, Liberal Democrat 8. Méyọ̀ tirẹ̀, káńsù tirẹ̀.

Wọ́n sọ nípa rẹ̀ pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ará ìlú ńlá kan ní Yúróòpù fi ìbò tiwọn yàn tààrà ní méyọ̀. Ọ̀rọ̀ "tààrà" yẹn ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1913, John Archer, ọmọ bíbí Liverpool tí bàbá rẹ̀ wá láti Barbados, di méyọ̀ Battersea ní London pẹ̀lú ìbò 40 sí 39. Àwọn káńsẹ́lọ̀ bíi tirẹ̀ ló dìbò yẹn. Ti Rees, ará ọjà, awakọ̀, nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ ló tò sórí ìlà.

Ọdún 2020 ló dán an wò jù. Ère Edward Colston ti wà láàárín ìlú láti 1895. Oníṣòwò ẹrú ni Colston, ó wà lára àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ Royal African Company, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ síbi ère náà yìn ín. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Amẹ́ríkà, àwọn èrò fi okùn wọ́ ère náà lulẹ̀, wọ́n yí i gbirigbiri lọ sétí omi, wọ́n sì jù ú sínú rẹ̀. Gbogbo ayé ló rí i lórí fóònù.

Ẹ fojú inú wo méyọ̀ náà. Òun ni olórí ìlú, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí òfin dúró. Àwọn baba ńlá rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n kó sínú irú ọkọ̀ tí Colston ń jèrè lórí wọn. Káńsù fa ère náà jáde lómi, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú. Mo lọ wò ó. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni, ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ̀wé sí i lára ṣì wà níbẹ̀. Kò gùn tó bí mo ṣe rò.

"Rárá, a ò fẹ́ méyọ̀ mọ́"

Nítorí kòrónà, ìdìbò 2020 bọ́ sí 2021. Rees wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ó borí ẹni tí ẹgbẹ́ Green fà kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo káńsù: Labour bọ́ láti 37 sí 24. Green gòkè láti 11 sí 24. Conservative dúró sí 14, Liberal Democrat sí 8. Méyọ̀ jẹ́ ti Labour, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó kù lápapọ̀ jẹ́ 46. Ohun tí wọ́n kò fẹ́ ni pé wọ́n lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kí agbára tó ga jù wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Wọ́n ní kí ará ìlú tún dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó fẹ́ kí ipò náà kúrò ní agbára ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan, ohùn káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù kò dé ibi kankan mọ́. Àwọn tó fẹ́ kó dúró ní bí gbogbo èèyàn bá mọ orúkọ ẹni tó ń pàṣẹ, wọ́n á mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí. Lóòótọ́, ẹ̀yin gan-an, ẹ wo ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sí èyí tí kò ní òtítọ́ nínú.

Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n dìbò. 56,113 ní kí wọ́n mú méyọ̀ kúrò, kí ìgbìmọ̀ káńsẹ́lọ̀ máa ṣàkóso. 38,439 ní kó dúró. Àwọn tó jáde kò tó ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo jókòó ti àwọn nọ́ńbà yìí fún ọjọ́ mélòó kan. Ìbò tó gbé ipò náà kalẹ̀: 41,032. Ìbò tó gbé Rees wọlé ní 2016: 68,750. Ìbò tó pa ipò náà rẹ́: 56,113. Àwọn tó yan ọkùnrin náà ní 2016 pọ̀ ju àwọn tó pa àga rẹ̀ rẹ́ ní 2022. Ṣùgbọ́n àpótí ìbò kì í rántí ti àná. Ẹni tó jáde lọ́jọ́ náà ló ni ọ̀rọ̀. Bí ẹgbàá mẹ́wàá lára àwọn tó jókòó sílé bá jáde lọ síhà kejì, ìtàn mìíràn ni mo máa máa sọ fún yín lónìí.

Ọjọ́ tí èmi náà tò

Ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọjọ́ Thursday. Òfin tuntun ti wà pé kí olùdìbò mú ìwé tó ní fọ́tò dání. Mo mú ìwé ìrìnnà mi aláwọ̀ ewé. Ọkàn mi ń lù kìkì, mo ń retí kí ẹnì kan ní kí n padà sílé. Obìnrin àgbàlagbà kan wo fọ́tò náà, ó wo ojú mi, ó pe orúkọ mi lọ́nà tó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní ìwé ìdìbò méjì: ọ̀kan fún káńsẹ́lọ̀, ọ̀kan fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá. Pẹ́ńsù tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì ni mo fi kọ ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé, mo ti jáde. Mo wo àtàǹpàkò mi lójú ọ̀nà. Kò sí yíǹkì níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan.

Èsì jáde lọ́jọ́ kejì. Green 34. Labour 21. Liberal Democrat 8. Conservative 7. Àga 36 ni ẹgbẹ́ kan nílò kó tó lè dá ṣe é, méjì péré ló kù fún Green. Ẹgbẹ́ tí kò ní káńsẹ́lọ̀ kankan ní Bristol ṣáájú ọdún 2006 ti wá di ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù. Tony Dyer láti ẹgbẹ́ náà di olórí káńsù. Ìgbìmọ̀ mẹ́jọ ló ń pín iṣẹ́ ṣe báyìí: ọ̀kan lórí ilé, ọ̀kan lórí ọkọ̀ àti ọ̀nà, ọ̀kan lórí ọmọdé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ ló sì ń jókòó nínú wọn. Àga méyọ̀ ti di ìtàn.

Ní ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú ìdìbò tèmi, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, ìdìbò káńsù wáyé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo pe màmá mi lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Màmá, ẹ ti lọ dìbò?" Wọ́n ní àwọn ń ro àmàlà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni kò mọ ẹni tó máa wọlé?" Nígbà tí èsì dé, PDP, ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà, ló gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ní oṣù keje 2025, wọ́n dìbò káńsù ní Èkó. APC, ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà níbẹ̀, ló gba gbogbo ipò alága 57.

Mi ò sọ èyí kí n lè fi wá ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá rò pé òyìnbó fẹ́ràn ìdìbò jù wá lọ, kó padà lọ wo 24 nínú ọgọ́rùn-ún yẹn. Ní Bristol náà, àwọn tó pọ̀ jù ń ro àmàlà tiwọn lọ́jọ́ tí ìlú ń yí padà. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni èyí: ní Bristol, èsì máa ń yí. 37 di 24, ó di 21. 11 di 24, ó di 34. Nígbà tí nọ́ńbà bá lè gòkè, tó sì lè sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó jókòó sórí àga mọ̀ pé wọ́n lè sọ òun kalẹ̀. Tí èsì bá jẹ́ 33 nínú 33 tàbí 57 nínú 57, ta ni alága fẹ́ bẹ̀rù? Gọ́tà tó dí níwájú ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní Bódìjà kò lè yọ ọ́ nípò.

Ohun tó sì dùn mí jù ni pé mo mọ orúkọ àwọn káńsẹ́lọ̀ méjì tó wọlé ní Easton, ibi tí mo gbé fún ọdún kan ó lé díẹ̀. Nígbà tí mo padà sílé, mo bi màmá mi pé ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Aládùúgbò tó ni jẹnẹrétọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi béèrè kí n tó rí ẹni tó júwe ilé rẹ̀ fún mi. Mo ti lọ kí i. Mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dání, ó sì gbà láti bá mi sọ̀rọ̀. Òun ni ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ètò tó ń bọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi í dá lórí gọ́tà.

Ṣáájú ìgbà náà, iṣẹ́ kan wà fún yín. Ẹ lọ béèrè orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Ẹ má bi Google, ẹ bi àwọn ará àdúgbò. Ẹ fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì sọ iye èèyàn tí ẹ bi kí ẹ tó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tèmi jẹ́ èèyàn mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó máa dín sí i.

Ó dìgbà kan ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ máa tọ́jú ara yín.